Ìdánwò Tí Kò Ní Ìwé: Lẹ́tà Ṣíṣí Lórí Oògùn Ajá àti Ẹṣin

Sí Mínísítà tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ohun ọ̀sìn ní Nàìjíríà. Sí àjọ VCN tó ń fún àwọn dókítà ẹranko níwèé àṣẹ. Sí àjọ NAFDAC tó ń ṣàkóso oògùn. Àti sí àwọn ọ̀gá ẹ̀ka ìṣègùn ẹranko ní yunifásítì Ìbàdàn, Abẹ́òkúta àti Ìlọrin.

Ẹ̀yin àgbà,

Èmi kì í ṣe dókítà. Ajá ni mò ń sìn n'Ìbàdàn, mo sì ní ẹbí ní Ìjẹ̀bú-Òde tí wọ́n ń gun ẹṣin lọ sí Ojúde Ọba. Ohun tí mo fẹ́ kò pọ̀. Mo fẹ́ kí ẹ ṣí ìwé kan sílẹ̀ tí tẹrú-tọmọ lè kà, kí a máa kọ gbogbo ìdánwò oògùn tí wọ́n bá ń ṣe lára ajá, ológbò àti ẹṣin onílé sínú rẹ̀: orúkọ oògùn, àrùn tí wọ́n fẹ́ fi wò, ẹni tó ń ṣe é, iye ẹran tó wọ̀ ọ́, iye tó sàn, iye tó kú.

Ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan nínú yín béèrè pé ìdánwò wo ni mò ń wí, nígbà tí owó tí a ó fi tún òrùlé yàrá àyẹ̀wò ṣe gan-an kò tó. Èsì mi ni pé ìdánwò ń lọ lójoojúmọ́ ní gbogbo ilé ìwòsàn ẹranko tó wà nílẹ̀ yìí. Àkọsílẹ̀ ni kò sí.

Ẹ wo bó ṣe máa ń rí. Ajá kan kò jẹun láti àná, ara rẹ̀ gbóná, eégbọn kún etí rẹ̀, ìtọ̀ rẹ̀ pupa bíi zóbò. Wọ́n gbé e sẹ́yìn ọkọ̀, ó di ọ̀dọ̀ dókítà. Dókítà fura pé ibà eégbọn ni, ṣùgbọ́n wọ́n ti mú iná lọ, kò lè fi máíkírósíkópù wo ẹ̀jẹ̀ ajá náà. Ó fa diminazene, oògùn tí àwọn darandaran ń gún màlúù wọn nítorí àrùn tí eṣinṣin tsetse ń gbé kiri. Kò sí òṣùwọ̀n tí ajá lè dúró lé lórí, ojú ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Bí oògùn náà bá kéré, kòkòrò àrùn ò ní kú tán. Bó bá pọ̀, ó lè ba ọpọlọ ajá jẹ́, torí pé ìwọ̀n tó ń woni sàn àti ìwọ̀n tó ń ṣeni léṣe kò jìnnà síra wọn nínú oògùn yẹn. Bí ajá bá dìde ní ọ̀túnla, a ó ní oògùn náà dára. Bó bá kú, a ó ní wọn ò tètè gbé e wá. Nínú méjèèjì, kò sẹ́ni tó kọ nǹkan kan sílẹ̀.

N kò bá àwọn dókítà wa jà. Iṣẹ́ tí wọ́n ń fi ọwọ́ òfo ṣe, àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn lókè òkun ò ní gbìyànjú rẹ̀. Ohun tó ń dùn mí ni pé ajá kú, ẹ̀kọ́ tó yẹ ká rí kọ́ nínú ikú rẹ̀ sì bá a wọlẹ̀. Èmi alára ti béèrè orúkọ oògùn inú ìgò kan tí kò ní lébẹ́ẹ̀lì rí, níbi tí mo gbé ajá mi lọ. Èsì tí mo gbà ni pé, “Ẹ fọkàn balẹ̀, bọ̀ọ̀dá, ó ń ṣiṣẹ́.” Ó ṣiṣẹ́ lóòótọ́. Títí di òní n kò mọ ohun tó jẹ́.

Ẹnì kan lè ní ṣebí ìwé ti wà, ṣebí àwọn òyìnbó ti dán àwọn oògùn wọ̀nyí wò kí wọ́n tó kó wọn wá. Lára ajá wo? Ajá yàtọ̀ sí ajá. Ní 2001, Katrina Mealey àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Washington State University rí ìdí tí ivermectin fi ń ṣe àwọn ajá Collie bí ẹni pé májèlé ni, bẹ́ẹ̀ ajá mìíràn ń gbà á láìsí wàhálà. Àléébù kékeré kan ló wà nínú àbùdá wọn tí kì í jẹ́ kí ara lè lé oògùn náà jáde nínú ọpọlọ. Ta ló ti jókòó bi irú ìbéèrè yẹn nípa ajá ìbílẹ̀ wa, àwọn Bíńgò tó ń ṣọ́ ẹ̀yìnkùlé wa? Kòkòrò àrùn náà sì ní ẹ̀yà. Babesia tó ń fa ibà eégbọn kì í ṣe oríṣi kan ṣoṣo. Èyí tí wọ́n ń pè ní Babesia rossi, tó wà ní Gúúsù Áfíríkà tó sì wà lọ́dọ̀ tiwa, burú gan-an ju Babesia vogeli lọ. Ìwé tí wọ́n kọ nípa ajá tí èyí tó rọjú ń ṣe, báwo ló ṣe fẹ́ bá wa wo ajá tí èyí tó burú ń ṣe?

Níbi ọ̀rọ̀ “mo fojú ara mi rí i pé ó ṣiṣẹ́” ni mo fẹ́ dúró sí díẹ̀, torí pé òun ló ń pa wá jù. Ẹran kì í sọ̀rọ̀. Àwa ni à ń sọ ọ́ fún un, ìfẹ́ sì máa ń bá wa dá sí i. Ní 2012, Michael Conzemius àti Richard Evans tẹ ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà nípa àwọn ajá tí oríkèé ríro mú kí wọ́n máa tiro. Àwọn ajá tí wọ́n yẹ̀ wò ni àwọn tí wọn ò fún ní oògùn gidi rárá, tí àwọn tó ni wọ́n kò sì mọ̀. Wọ́n jẹ́ kí ajá kọ̀ọ̀kan rìn kọjá lórí irin pẹlẹbẹ kan tó ń wọn bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe ń tẹlẹ̀ tó. Irin kì í ṣojúsàájú: ó ní ajá wà bó ṣe wà. Ẹ wá gbọ́ èyí tó bọ́ sẹ́nu àwọn ènìyàn. Wọ́n ní ó ti sàn, wọ́n ní ó ti ń sáré, wọ́n ní ó fò gun àga lánàá. Àwọn dókítà tí wọ́n fi ṣe iṣẹ́ ṣe náà ò bọ́ nínú rẹ̀. Ní nǹkan bí ìgbà mẹ́rin nínú mẹ́wàá, àwọn náà rí ìsàn tí kò sí. Bí ojú dókítà Amẹ́ríkà tó ní irin lábẹ́ ẹsẹ̀ ajá bá lè tàn án tó bẹ́ẹ̀, kí ni ká wí nípa ojú tèmi, èmi tí mo ti sanwó abẹ́rẹ́ tí mo sì ń gbàdúrà pé kí owó náà má ṣòfò?

Ìdí nìyí tí ìdánwò tó pójú owó fi ń ṣẹ́ gègé. Gègé ló máa sọ ajá tó máa gba oògùn tuntun àti èyí tó máa gba oògùn àtẹ̀yìnwá tàbí omi lásán. Ẹni tó ni ajá ò ní mọ̀, dókítà tó ń yẹ ajá wò ò ní mọ̀, títí ọjọ́ tí wọ́n máa ṣí ìwé. Ní 2019, wọ́n bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀ ní yunifásítì mẹ́ta ní Amẹ́ríkà, Colorado State, UC Davis àti Wisconsin–Madison, pẹ̀lú àfojúsùn ajá 800 tí ara wọn le. Ìdajì gba àjẹsára tí wọ́n fẹ́ wò bóyá ó lè dènà jẹjẹrẹ, ìdajì gba abẹ́rẹ́ tí kò ní in nínú. Àwọn tó ni ajá mọ̀ pé ó lè jẹ́ omi ni ajá àwọn gbà. Wọ́n fọwọ́ síwèé, wọ́n sì ń mú ajá padà wá fún àyẹ̀wò lọ́dún dé ọdún. Kì í ṣe pé wọ́n ya òmùgọ̀. Wọ́n sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn ni.

Àpẹẹrẹ tó wù mí jù lọ, ti ológbò ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kì í sin ológbò. Àrùn kan wà tí wọ́n ń pè ní FIP. Ó máa ń mú ológbò kékeré, ikùn wọn á kún fún omi, wọn á sì kú. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn dókítà kò fi ní ohun tí wọ́n lè ṣe ju kí wọ́n bá ẹni tó ni ín kẹ́dùn. Niels Pedersen àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ní UC Davis dán oògùn kan tó ń jẹ́ GS-441524 wò lára ológbò 31, gbogbo wọn ológbò onílé, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2019. Ológbò 26 ló parí ìtọ́jú. Márùn-ún kò débẹ̀. Nínú àwọn tó parí, àrùn tún padà sára mẹ́jọ. Wọ́n kọ gbogbo èyí sílẹ̀ láìfi ọ̀kan pamọ́, títí kan ọjọ́ tí àrùn padà. Ìwọ̀n tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ni mílígíráàmù 2 fún kílò kan. Àwọn tí àrùn padà sí lára ló jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ó kéré, ni wọ́n bá gbé e dé 4. Ká ní wọ́n kọ kìkì àwọn tó sàn ni, oògùn tó lè gba ológbò là ì bá wà lọ́wọ́ ayé ní ìwọ̀n tí kò tó.

Ìtàn náà kò parí síbẹ̀, ìyókù rẹ̀ sì kàn yín gbọ̀ngbọ̀n, ẹ̀yin NAFDAC. Ilé iṣẹ́ tó ni oògùn náà, Gilead, kò gbà kí wọ́n tà á fún ẹranko. Kí ni àwọn tó ni ológbò ṣe? Wọ́n ń rà á lábẹ́lẹ̀ láti Ṣáínà, nínú ìgò tí ẹnikẹ́ni ò lè búra fún ohun tó wà nínú rẹ̀, wọ́n ń gún ológbò wọn fúnra wọn nílé, wọ́n sì ń kọ́ ara wọn bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ó di 2021 kí àwọn dókítà Ìlú Ọba tó rí i lò lọ́nà tó bófin mu, Amẹ́ríkà sì di 2024. Bí àwọn tí wọ́n ní òfin tó dúró ṣinṣin bá lè bọ́ sọ́wọ́ ayédèrú tó báyẹn nítorí pé wọ́n fẹ́ràn ẹran wọn, ẹ fojú inú wo ọjà tiwa.

Kí ẹ má sì rò pé ilẹ̀ òyìnbó nìkan ni irú iṣẹ́ yìí ti ṣeé ṣe. Ẹṣin iwájú ni tẹ̀yìn ń wò sáré, ẹṣin iwájú nínú ọ̀rọ̀ yìí sì wà ní Tanzania. Gbogbo wa la mọ àrùn dìgbòlugi. Ìwádìí tí àjọ ìlera àgbáyé gbára lé sọ pé nǹkan bí ẹgbẹ̀rún 59 ènìyàn ló ń pa lọ́dún, ara ajá ló sì ti ń wá fẹ́rẹ̀ẹ́ nígbà gbogbo. Wọ́n ní àjẹsára rẹ̀ kò yẹ kó kúrò nínú fíríìjì, ohun tí wọ́n sì fi ń ṣàwáwí nìyẹn tí abẹ́rẹ́ kì í fi í dé abúlé. Ní agbègbè Serengeti, Felix Lankester àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ gbé ìbéèrè kan kalẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ní London kò ní ìdí láti béèrè: bí iná bá lọ ńkọ́? Wọ́n tọ́jú àjẹsára kan sínú ooru ìwọ̀n 25 fún oṣù mẹ́fà, wọ́n tọ́jú òmíràn sínú ooru ìwọ̀n 37 fún oṣù mẹ́ta, wọ́n gún un fún ajá àwọn ará abúlé, wọ́n sì fi wé ajá tó gba èyí tó wà nínú fíríìjì. Kò sí ìyàtọ̀ nínú ààbò tí wọ́n rí nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2016. Kò sí oògùn tuntun níbẹ̀, kò sí ẹ̀rọ olówó gọbọi. Ajá abúlé ni, àti ẹni tó béèrè ohun tó ń ṣe abúlé.

Mo mọ ohun tí “ìdánwò oògùn” ń ṣe sí ọkàn ọmọ Nàìjíríà. Ní 1996, nígbà tí àrùn yírunyírun ń pa àwọn ọmọ ní Kánò, Pfizer dán oògùn Trovan wò, ọmọdé 200 ló wà nínú ìdánwò náà, 11 nínú wọn sì kú. Ilé iṣẹ́ náà ní àwọn gba ìyọ̀ǹda lẹ́nu àwọn òbí. Àwọn òbí ní wọn kò sọ fún àwọn pé ìdánwò ni. Ẹjọ́ náà fà títí di 2009, tí wọ́n fi gbà láti san mílíọ̀nù 75 dọ́là fún Kánò. Ọmọ ènìyàn kì í ṣe ajá, n kò sì fi wọ́n wé ara wọn. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù tó kù lọ́kàn wa láti ìgbà yẹn wà níbẹ̀, ọ̀nà kan ṣoṣo tí ẹ sì lè gbà lé e lọ ni kí ìwé wà, kí ó wà ní gbangba, kí ó sì wà lédè tí à ń sọ.

Mo ti fẹ́ẹ̀ gbàgbé èyí, ó sì ṣe pàtàkì: ta ló máa fọwọ́ síwèé? Nílẹ̀ yìí, ẹni tó gbé ajá wá kì í sábà jẹ́ ẹni tó ni ín. Mẹ́gáàdì ni, tàbí awakọ̀, tàbí ọmọ ilé tí wọ́n fún lówó táńsíì. Ẹṣin tún burú jù bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ni ín lè wà l'Ékòó, kí ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ jẹ́ ọmọ Hausa tí kò gbọ́ Yorùbá dáadáa, tí kò sì ka Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tí wọ́n fi ajá rán kò lè yọ̀ǹda ajá. Ẹ kọ ọ́ sínú òfin yín bẹ́ẹ̀. Ẹ pe ẹni tó ni ín lórí fóònù, ẹ kà á sí i létí ní èdè rẹ̀: oògùn báyìí ni, ó lè jẹ́ pé ẹran yín ò ní gbà á rárá, ibi tó lè ṣe é ní jàǹbá nìyí, àwa la máa sanwó bí jàǹbá bá ṣe é, ọjọ́ tó bá sì wù yín ni ẹ lè mú un kúrò láìjẹ́ pé a kọ̀ láti tọ́jú rẹ̀. Kì í ṣe èmi ni mo dá èyí sílẹ̀. Yúróòpù, Japan àti Amẹ́ríkà ti jọ fẹnu kò lórí ìlànà tó ní kí ẹni tó ni ẹran fọwọ́ síwèé kí ẹran rẹ̀ tó wọlé ìdánwò, ó sì ti lé ní ogún ọdún tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́. Ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ẹranko, AVMA, ti gbé àkọsílẹ̀ kan kalẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ẹnikẹ́ni tí ajá rẹ̀ ń ṣàìsàn lè wò ó láti mọ ìdánwò tó ń lọ nítòsí rẹ̀.

Ẹṣin, ní kúkúrú. Ọ̀yọ́ Ilé fi ẹṣin jagun, ṣùgbọ́n òkè Ọya ni wọ́n ti ń ra púpọ̀ nínú wọn, torí pé eṣinṣin tsetse ò jẹ́ kí ẹṣin pẹ́ nínú igbó wa. Eṣinṣin náà kò tíì lọ. Nígbà tí kòkòrò tó ń gbé kiri bá ti wọ ọpọlọ ẹṣin, púpọ̀ nínú oògùn tí à ń gún ún kì í lè bá a débẹ̀. Ní Gáḿbíà, àwọn onímọ̀ láti Liverpool ti bá àwọn tó ń fi ẹṣin àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ṣiṣẹ́ gba ẹ̀jẹ̀ ẹran wọn láti mọ bí àrùn náà ṣe pọ̀ tó. Àwa náà ní ibi tí a ti lè bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ kẹta Iléyá, nígbà ọdún Ojúde Ọba, gbogbo ìdílé balógun ń kó ẹṣin wọn wá sí Ìjẹ̀bú-Òde, àwọn tó ni wọ́n sì wà níbẹ̀ fúnra wọn, nínú aṣọ tó dára jù lọ tí wọ́n ní. N kò ní kí ẹ gún ẹṣin lábẹ́rẹ́ lójúde Awùjalẹ̀. Ẹ gbé tábìlì kan síbẹ̀, ẹ fi ìwé sórí rẹ̀, ẹ bá wọn sọ̀rọ̀.

Àwọn àrùn kan tilẹ̀ wà tó jẹ́ pé bí àwa ò bá wádìí wọn, kò sẹ́ni tó máa bá wa ṣe é. Jẹjẹrẹ kan ń ràn láti ara ajá dé ara ajá nígbà tí wọ́n bá ń gùn. Ó ti wà láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún. Ní Ìlú Ọba, kò wọ́pọ̀ mọ́, torí pé ajá kì í rìn gbéregbère níbẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà ẹranko èyíkéyìí. Vincristine ni wọ́n fi ń wò ó, oògùn tí wọ́n rí lára òdòdó kan tó jẹ́ ọmọ bíbí Madagáskà, tí ọ̀pọ̀ ilé níbí gbìn sẹ́nu ọ̀nà. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń gún un, ó sì wọ́n. Abẹ́rẹ́ mélòó ló tó fún ajá wa? Ìbéèrè tí ilé ìwòsàn yunifásítì mẹ́ta lè jọ dáhùn nìyẹn, bí wọ́n bá gbà láti máa kọ ọ́ sínú ìwé kan náà.

Owó ńkọ́? Ìwé tí mò ń béèrè kò ju ojú ewé kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì àti akọ̀wé kan tí ẹ ó máa sanwó fún lásìkò. Kò pọn dandan kí àwọn ìdánwò fúnra wọn jẹ́ ti oògùn tuntun. Ẹ mú méjì nínú èyí tí à ń rà lọ́jà tẹ́lẹ̀, ẹ fi wé ara wọn, ẹ sọ èyí tó dára jù fún wa. Bí ilé iṣẹ́ láti òkè òkun bá sì wá, torí wọ́n máa wá níwọ̀n ìgbà tí ìdánwò bá rọjú níbí ju ilé wọn lọ, ìwé náà ló máa jẹ́ kí ẹ mọ̀ pé wọ́n ti dé.

Bí ẹ bá bi mí, ibà eégbọn ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Mo ní ajá kan tó ń jẹ́ Tanímọ̀la, ó ti ṣe é rí, ó sì dájú pé eégbọn ilé wa ò ní jẹ́ kó má tún ṣe é. Ọjọ́ tí ẹ bá gbé ìwé náà jáde lédè Yorùbá, ẹ ránṣẹ́ pè mí, n ó mú un wá, n ó sì fọwọ́ sí i. Ẹ kàn jẹ́ kí n kọ́kọ́ kà á.

Èmi ni tiyín,
Ẹnì kan tó ń sin ajá n'Ìbàdàn